Àáké Tí Mo Fi Wọn Ayùn

Bí ẹ bá fẹ́ ra ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí ẹ ó máa fi gé igi ìdáná, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin. Èyí tó tóbi jù lọ ni yóò ní kí ẹ rà. Mo ti wí tèmi, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Ìgbà tí mo ń gbé Fìdítì ni mo ra tèmi, kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí gbogbo mótò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, mo sì mọ̀ ọ́n rà. Àṣìṣe tí mo ṣe wà, ṣùgbọ́n kò sí lára ayùn.

Búrẹ́dì ni mo ń ṣe nígbà náà. Alámọ̀ ni ààrò mi, kì í sì í yó igi. Bàbá kan ló ń bá mi gé e. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gba ààrò lọ́wọ́ ìyá, mo gba bàbá mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì wà nílé ọkọ ní Ilora. Ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, èsì kan náà ni bàbá sì máa ń fún un: "Ọjọ́ tí mi ò bá lè gé igi mọ́ ni n ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkọ rẹ." Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo rí i tó gbé àáké sókè lórí ìtì igi ayin, àáké ò sì wálẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti gan. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a mú kó tó rí àáké náà sọ̀ kalẹ̀, ó wá wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan rí òun. Mo yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu iyọ̀ sí ìyẹ̀fun ọjọ́ náà.

Igi lílà ò ní bàbá lára. Bí igi bá ti kúrú, ó mọ ibi tí yóò ti là á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì sọ àáké. Gígé ìtì gígùn sí kéékèèké tó lè wọ ẹnu ààrò ló ń pa á. Mo ní ẹ́ńjìnnì ni yóò máa gé, kí bàbá máa là. Owó tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ṣe wà nílẹ̀. Òrùlé lè ṣe sùúrù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, ó ní òun mọ èyí tó yẹ. Ó lọ yá ti àwọn onígẹdú wá, èyí tí wọ́n fi ń wó ìrókò. Irin iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ẹsẹ̀ mi. "Irú èyí ni kí o rà," ó ní. "Ọkùnrin kì í fi nǹkan ìṣeré ṣiṣẹ́." Ó fa okùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, gbogbo àdúgbò sì tú jáde. Ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Bí bàbá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ayùn ta, ó wọ́ ọ síwájú, bàbá bá ara rẹ̀ lórí eékún. Ọlọ́run ló yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó gbọn eruku nù, ó sọ àáké rẹ̀ mọ́ orí ìtì, ó sì lọ sílé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, onígi kì í gbé àáké lọ sílé bí iṣẹ́ bá ṣì kù. Yóò sọ ọ́ mọ́ orí ìtì lẹ́yìnkùlé rẹ, ìyẹn ni pé ó dọ̀la. Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, o ò ní láti la ẹnu. Wàá mú àáké kúrò lórí ìtì. Tó bá dé tí kò bá a níbẹ̀, kò ní béèrè ohunkóhun. Nítorí náà, bí mo ti rí i pé bàbá fi àáké sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtìjú yẹn, ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ṣé mo rí i pé bàbá ti darúgbó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ayùn yín ló sanra jù."

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo mú okùn, mo yí i ká ìtì tó nípọn jù nínú igi mi. Mo ṣẹ́ okùn náà sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan nínú rẹ̀ ni ìbú igi. Láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́ ni. Irin ayùn tó bá fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ ti tó, gígùn tó bá ṣẹ́ kù, fáàrí ni. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe mọ ìwúwo tí ọwọ́ bàbá lè gbé? Mo wo orí ìtì. Àáké rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi débi pé n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa àáké yọ, mo fi aṣọ wé e, mo wọ mótò Ìbàdàn.

Aṣọ tú lọ́nà. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rí ẹnu àáké, ó sún, ó tún sún, títí ìjókòó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di tèmi nìkan. Mo na ẹsẹ̀ mi dáadáa.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà bi mí pé ọkọ mi ńkọ́. Mo ní ọkọ mi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, èmi ni mo ń ra ayùn. Mo na okùn mi sára irin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó bu bẹntiróòlù sínú wọn kí n tó gbé wọn wò, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi ẹ́ńjìnnì gbígbẹ gé igi. Mo wá mú àáké lọ́wọ́ kan, ayùn lọ́wọ́ kejì. Kò sí ayùn tó fúyẹ́ tó àáké, ṣùgbọ́n a kì í gbé ayùn ga kọjá orí, igi ló ń sinmi lé. Èyí tó kéré jù nìkan ni mo gbé tí n kò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ìwọ̀n okùn mi lọ. Ọkùnrin náà ní ti ẹ̀ka ọsàn nìyẹn. Mo ní, "Ẹ bá mi dì í."

Oòrùn ti ń rọ̀ kí n tó délé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá wá láàárọ̀," ó ní. "Ó wo orí ìtì títí, ó ní, 'Ó dáa, mo ti gbọ́.' Ó bá lọ."

Èmi tí mo mọ àṣà yẹn bí ẹni mowó! Níbi tí mo ti ń wá bí bàbá kò ṣe ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi lé e. Ojú tì mí gan-an, n kò ní purọ́. Mo lọ sílé rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ìdíkọ̀.

Mo sáré, ayùn lórí, àáké lọ́wọ́. Mo bá a lábẹ́ igi odán, ó jókòó lórí àpótí, ó ń retí mótò Ilora. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá, ẹ dákun. N kò lé yín."

Kò wò mí. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, o mú àáké mi kúrò lórí ìtì. Àgbà ni mí, mo gbọ́."

"Mo gbé e lọ fi wọn ayùn ni, Bàbá. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ yín lè gbé, kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè ju àáké yín lọ. Ẹ gbé e wò."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó gba àáké lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbé ayùn. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ̀ ọ́, ó tún gbé e.

"Epo wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà."

"Ó kún?"

"Ó kún, Bàbá."

Mótò dé, wọ́n ń pe Ilora. Bàbá kò bojú wo ọ̀nà. Ó gbé ayùn lé èjìká tó dáa. "Gbé àpótí yẹn," ó ní.

Mo rù ú tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé mi, kò gé igi kankan, nítorí ọjọ́ ti lọ. Ó gbé ayùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àáké, kò gbé e ga, ó sì sọ ọ́ mọ́ orí ìtì.

"Ó dọ̀la," ó ní.