Wàrà Funfun Tí Màmá Dà Sílẹ̀

“Ẹ̀jẹ̀ rèé,” màmá oníwàrà wí, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi kí n rí i. Wàrà tó fún jáde lọ́mú màlúù rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ní kókó wẹ́wẹ́ nínú. Ọmú náà wú, ó ń gbóná.

Ará Ìgbòho ni màmá, ògiri kan ló là wá láàárín ní Boribana, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Màlúù kan ṣoṣo tó ní ló ń bọ́ ọ. Láràárọ̀ la máa ń gbọ́ tí wàrà ń ta ṣàà sínú garawa, kí òórùn èéfín àti ewé bọmubọmu tó fi ń mú un dì tó gba àgbàlá kan. Èmi tí n kì í ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ife tèmi kì í wọ́n.

Bí ọmú bá ti wú, kápúsù oògùn aláwọ̀ pupa òun ìyeyè tí wọ́n ń kiri ní ọjà Treichville ló ń tú sómi rọ màlúù. Bó bá ti fẹ́ rọ̀ báyìí, á dáwọ́ dúró, á so ìyókù mọ́ ìdí ìró di ìgbà mìíràn. Ta ni kì í ṣọ́ ohun tó ní? Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọ ọ́ títí, kò ràn án.

Dókítà màlúù wá láti Cocody. Faransé màmá kò kọjá kíkí àti ọjà títà, nítorí náà èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ògbufọ̀. Dókítà ní màmá fúnra rẹ̀ ló ba oògùn náà jẹ́: bó ṣe ń dá a dúró láìparí, kòkòrò àìsàn tí kò kú ti mọ bí yóò ṣe borí rẹ̀. Ṣé ẹnu mi ni màmá yóò ti gbọ́ irú ìyẹn?

“Wọ́n ní oògùn yẹn ò lágbára ni, mà.”

Màmá wo dókítà, ó wò mí. “Tiwọn gùn, tìẹ kúrú. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

“O ṣeun, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe é.”

Dókítà gún màlúù ní abẹ́rẹ́ oògùn mìíràn, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu wàrà rẹ̀ títí ọjọ́ tí oògùn yóò kúrò nínú rẹ̀ yóò fi pé. Ní ọjọ́ kẹta, wàrà ti funfun báláú. Àwọn oníbàárà gbé abọ́ dé. Màmá dà á sílẹ̀ lójú wọn.

“Àṣìṣe mi ni. Ó di vendredi, ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ tó padà wá.”

Ọmú kan gbẹ, mẹ́ta ṣẹ́kù, màlúù yè.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Àwọn àgbà wa ṣì ń ní kí n tú ọ̀rọ̀ dókítà fún wọn, ẹnu mi sì ń fẹ́ bù ú kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá gidigidi. Mo máa ń kúnlẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.