Nọ́ńbà Mọ́kànlá Kan fún Ìbejì

Bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, òun ló kó mi sí wàhálà. Èmi ni mo ra pákó rẹ̀, kí àwọn tó bá wá ránṣọ lè rí ibi jókòó sí. Láti ìgbà tí mo ti gbé e síta, ẹni tó wá ránṣọ kò jókòó níbẹ̀ rí. Àwọn olólùfẹ́ Àkẹsán Stars ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí pápá bọ́ọ̀lù, lápá Ìgàndó níbí, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ń rí gbogbo nǹkan kedere. Wọn á jẹ ẹ̀pà, wọn á da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, wọn á máa jiyàn títí ẹnu á fi fẹ́ẹ̀ bó. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, wọn á ní, "Bàbá Aasiyah, ṣebí ẹ̀yin náà wà nínú wa." Òótọ́ ni ṣá, mo wà nínú wọn. Èmi ni télọ̀ tó ń rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì ẹgbẹ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni.

Ràbíátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta ike àti bókẹ́ẹ̀tì lọ́jà Ìkọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tó kó wá sí àdúgbò wa, àwọn ìbejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni, ọkùnrin méjèèjì, ojú wọn kan náà, ìrìn wọn kan náà. Ìyá tó bí wọn nìkan ló mọ Táyéwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Èmi ni mo máa ń ránṣọ fún wọn, bó bá sì ti kó aṣọ wá, kò sóhun tí mo tún ń bi í, mo mọ̀ pé méjì ni. Ohun tá a bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, dandan ni ká ṣe é fún èkejì. Lọ́jọ́ kan, bàtà ọ̀kan já, ó ra ti àwọn méjèèjì. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ti èkejì ò mà já." Ó ní, "Bàbá Aasiyah, ẹ̀yin lẹ bí wọn ni àbí èmi?"

Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ pín wọn níyà. Ẹsẹ̀ òsì làwọn méjèèjì fi ń gbá a, apá òsì pápá ni wọ́n sì máa ń gbà sáré. Nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀, ọkùnrin kan wá wò wọ́n láti ẹgbẹ́ ńlá kan l'Òkè Ọya. Ó ní àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n gbá, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo lòun lè mú. Ó mú Kẹ́hìndé. Títí dòní mi ò mọ ohun tó rí lára ẹni tó mú tí kò rí lára ẹni tó fi sílẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù mi níbí ni ìyá wọn ti sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní Ọlọ́run ò ní í gbàgbé ọ̀kan, pé lọ́jọ́ kan yóò kan Táyéwò náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé e ró láti ìgbà náà.

Kẹ́hìndé di ẹni tí à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Táyéwò kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ó ń jó irin mọ́ irin l'Ẹ́gbẹ́dá, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ á wá gbá bọ́ọ̀lù fún Àkẹsán Stars. Nọ́ńbà mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo rán an. Kò jowú rí. Bí Kẹ́hìndé bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́hùn-ún, òun ló máa ń sáré wá sọ fún wa lórí bẹ́ǹṣì, tí á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló gbá a.

Lọ́dún yìí, Àkẹsán Stars gbá a dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àdúgbò. Ṣáṣá United la máa bá pàdé. Ìròyìn wá tàn pé àwọn kan ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa mú lọ. Ìyá Ìbejì gbọ́, ó yà sí ọ̀dọ̀ mi bó ṣe ń tọjà bọ̀, kò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Aasiyah, ó ti kan Táyé o." Mo ní àmín. Inú mi dùn gan-an, ojú obìnrin náà ń dán lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sí i ni Kẹ́hìndé dé. Àdéhùn òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí, wọn ò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè gbá fún báyìí, kò sẹ́ni tó ní í lọ́wọ́. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kí gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì, ó ń lọ sílé ìyá rẹ̀. Kó tó yọ sí kọ̀rọ̀ kejì, iyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Henry tó ń tún fóònù ṣe ni alága àwọn olólùfẹ́. Ó dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì mi tòun ti bàtà. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni, ìràwọ̀ ni, ọmọ wa sì ni. Kí la tún ń wò? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣé ẹ fẹ́ kí Ṣáṣá wá mú un mọ́ wa lójú ni?"

Bàbá Zacchaeus, àgbà ìjọ Aládùúrà tó jẹ́ pé inú sùtánà funfun la ti sábà máa ń rí i, ló dá a lóhùn. "Henry, sọ̀ kalẹ̀ kó o tó ṣubú. Ọmọ tó gbé wa débi tá a dé yìí ńkọ́? Ta ló gbá a wọlé lọ́jọ́ tá a pàdé àwọn ará Ìpájà nínú òjò?"

"Bàbá, ta ló ní ká lé Táyé? Ká fi èkejì kún un ni mo wí."

Kóòṣì Ọdẹ́tọ́lá ló wá dá sí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó ní orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti pé lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Òfin wọn ni pé bí ẹni tuntun bá máa wọlé, ẹni tó ń gbá ipò kan náà gbọ́dọ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ tún padà títí ìdíje á fi parí. Ó wolẹ̀. "Kẹ́hìndé ò mọ ibòmíì gbá ju apá òsì lọ. Ẹni tó wà lápá òsì, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Ìyá Ìbejì ti dúró lẹ́yìn wa. Ìkòkò ẹ̀wà ló gbé dání. Bí ìdíje ńlá bá ti ń bọ̀, ó máa ń se ẹ̀wà ìbejì fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kí ọ̀nà wọn lè là. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Henry yìí, mi ò mọ ohun tó fi ń ronú. Ó kọjú sí i, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ bí wọn. Ẹ bá wa yan ọ̀kan jàre. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti mú, iyàn parí."

Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo ní, "Henry, ṣé orí ẹ pé ṣá? Irú kí lò ń bi obìnrin yìí?"

Ìyá Ìbejì ní kí n má bínú sí i. Ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ga. "Henry, ọmọ mi, ìgbà tí wọ́n ń mu ọmú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa ń gbé àwọn méjèèjì sí i, kí ọ̀kan má baà sọ pé mo kọ́kọ́ fún èkejì. Mi ò yàn nígbà náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yàn nísinsìnyí? Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbá a. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó."

Kóòṣì ní, "Bí àwọn méjèèjì bá jókòó, Ìyá Ìbejì, Ṣáṣá á nà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó ní òun ò bínú. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń lọ. Àwọn aláìnítìjú jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n jiyàn lọ́jọ́ náà, wọ́n jiyàn lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ní Táyéwò ló jìyà, òun ló yẹ kó jẹ èrè. Àwọn kan ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe ojú àánú. Bẹ́ ẹ bá bi mí pé ẹ̀yìn ta ni mo wà, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni mo wà, ìyẹn ni pé mi ò wúlò fún ẹnì kankan nínú wọn. Mo tọ Kẹ́hìndé lọ nílé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí mi ò bá rí ibi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí, ó tán fún mi nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní í rántí mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á láti ní kí Táyé bọ́ jẹ́sì fún mi." Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó wo Ọlọ́run, mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo wọn péjọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé bí iyàn bá le, kí oníkálukú lọ dúró sídìí òpó gólì tó bá wù ú, ibi tí èrò bá pọ̀ sí la máa ṣe. Wọ́n ti ń múra àtilọ dúró nígbà tí Táyéwò ti ibi iṣẹ́ dé, awò dúdú tí wọ́n fi ń jó irin ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ń da ara yín láàmú. Ta lẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?"

Bàbá Zacchaeus ní, "Kẹ́hìndé ni."

"Kẹ́hìndé ló rán mi níṣẹ́ pé kí n lọ tọ́ ayé wò, bóyá ó dùn. Mo ti bá a wo Àkẹsán Stars náà. Ó dùn. Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ti wá dé, kí ló tún kù?" Ó rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Henry dì mọ́ ọn, ó ní ọmọ gidi ni. Kò sẹ́ni tó lọ sídìí òpó kankan mọ́.

Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ìyá Ìbejì fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó kan ń wo ọmọ rẹ̀. Òun ló kọ́ wọn lọ́rọ̀ yẹn ní kékeré, nígbà tí wọ́n bá ń jà sí ẹran. Á ní, "Táyé, ẹ̀gbọ́n ẹ ló rán ẹ wá, fún un." Báwo ló ṣe fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ba ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọmọ jẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ni, Ìyá Ìbejì ti dé. Jẹ́sì pupa rúsúrúsú bíi ti ẹgbẹ́ wa ló mú dání, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n bá òun rán nọ́ńbà mọ́kànlá sí i.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, Kẹ́hìndé ti gba ti Táyé."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mi ò fi aṣọ wọ ọ̀kan kí n má fi wọ èkejì rí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe aṣọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gba jẹ́sì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gé nọ́ńbà náà lára aṣọ funfun tó dára jù lọ tí mo ní, mo rán an yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó dáa ju ti ẹgbẹ́ lọ. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn.

Pápá kún lọ́jọ́ ìdíje. Táyéwò wọ jẹ́sì tí ìyá rẹ̀ fún un, ó jókòó tì í létí okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, èmi náà jókòó tì wọ́n. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹfirí gbé àsíá rẹ̀ wá bá wa. Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti jáde kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ẹgbẹ́ létí pápá. Ó ní, pàápàá, ìbejì ni wọ́n, wọ́n lè pààrọ̀ ara wọn. Mo ti dìde, mo fẹ́ bá a wọ̀yá ìjà. Táyéwò di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe."

Ó bọ́ jẹ́sì náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó tún un wọ̀. Nọ́ńbà bọ́ sínú. Òwú tí mo fi rán an ló wá hàn níta. Ìyá rẹ̀ bá a fa etí aṣọ náà wálẹ̀ lẹ́yìn, kó lè tẹ́jú.

Ọ̀mì ni títí a fi sún mọ́ òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sápá òsì. Kẹ́hìndé gbà á, ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá ẹnì kejì, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a sínú àwọ̀n. Pápá dàrú. Gbogbo èrò, tọmọdé tàgbà, orúkọ kan náà tí wọ́n ti ń pè láti ọjọ́ yìí wá bí nọ́ńbà mọ́kànlá bá gbá a wọlé ni ẹnu wọn tún mú. Henry gan-an, tó mọ̀, òun ló ń pariwo jù. "Táyé! Táyé! Táyé!" Àwọn ará Kútọnu náà ti dìde dúró.

Ìyá Ìbejì ò dìde. Ó gbé ọwọ́ lé orí orúnkún. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó fi kan ọmọ rẹ̀ léjìká.

"Wọ́n ń pè ọ́."

"Mo gbọ́, Màámi," ó ní. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.