Òpó Taofeek àti Kéwú Alhaja Hàlímàt

Nǹkan kan wà tí ó ń rí ni lára ju ẹja tí ó ti bàjẹ́ lọ: kí ènìyàn la ọ̀nà fún gbogbo ayé, kí ó sì tún máa tọwọ́ bọ ẹrù àwọn tí ń gba ibẹ̀ kọjá. L'Ọ̀fà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò tí ó kọjú sí rélùwéè. Ẹni tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ni Alhaja Hàlímàt, olùkọ́ kéwú.

Wọn kò bí Hàlímàt sínú ọlá. Bàbá rẹ̀ ni ó ń wọn ẹrù ní rélùwéè nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó iṣu lọ sókè Ọya, tí ó ń kó màlúù bọ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo, owó rẹ̀ á pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá fúyẹ́, owó rẹ̀ á mọ níwọ̀n. Bàbá yìí kì í bèèrè ọmọ ta ni ẹni tí ó ni ẹrù. Ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbóná láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, àwọn kan ní kí ó jẹ́ kí iṣu àwọn ará Ẹ̀rìn sùn sílẹ̀ títí yóò fi rà. Ó ní òṣùwọ̀n kò ní ìlú. Wọ́n bú u títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Aláìsàn tí wọ́n bá ń gbé lọ sí ọsibítù nìkan ni ó máa ń jẹ́ kí ó ṣíwájú, kò sì sí ẹni tí ó bínú sí ìyẹn.

Hàlímàt kọ́ kéwú, ó lọ́kọ, ọkọ kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè rìn dé ilé kéwú mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ra fóònù ńlá fún un. Láti orí fóònù yìí ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà l'Ékòó, n'Ílọrin, àti àwọn kan tí wọ́n wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, yóò gbé fóònù ti agolo mílíìkì, yóò tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe, yóò ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń jẹ gúgúrú lórí súrà níbẹ̀ yẹn? Mo ń gbọ́ ọ!" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọn á sì kà á.

Taofeek, ọmọ àdúgbò kan náà, ni ó ri òpó íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ àgbàlá rẹ̀, tí ó fa wáyà sí ilé gbogbo, tí oníkálùkù ń sanwó lóṣooṣù. Ká má purọ́, ó ṣe dáadáa. Ó ta nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ó tó rí òpó náà rà. Bí ìjì bá jà, òun náà ni yóò gùn ún lọ tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má jẹ èrè, ìkà ni.

Àmọ́ ojú kòkòrò kì í jẹ́ kí èrè tó ni. Àwọn onítẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wá ṣí ìsọ̀ síwájú àgbàlá rẹ̀, wọ́n fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, tẹ́tẹ́ di ọ̀fẹ́, ó ń ṣí kíá bí ẹni ṣẹ́jú. Gbogbo nǹkan yòókù wá ń wọ́ bí ìgbín tí ó ru ìgbín. Bí Hàlímàt bá ń kọ́ wọn, ojú àwọn ọmọ á dúró gan-an lórí fóònù, ẹnu á là sílẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́: "Alhaja, a ò gbọ́ yín mọ́." Ọ̀kan lọ. Òmíràn tẹ̀lé e. Bí àwọn ọmọ náà bá tán, oúnjẹ rẹ̀ tán nìyẹn, ohun tí ó fi ń jí láàárọ̀ náà sì tán.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó di ilé Taofeek.

"Taofeek, ṣé mo jẹ ọ́ lówó oṣù ni?"

"Rárá o, Alhaja. Ẹ jókòó, ẹ mu mínírà."

"N ò mu. Kí ló dé tí tẹ́tẹ́ ń fò, tí kéwú ń rákò?"

Taofeek fọwọ́ ra orí. "Alhaja, àwọn ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín kò le. Mo lè gbé kéwú yín sójú ọ̀nà tó ń yá yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Roseline tó ń fi fídíò kọ́ wọn ní ìránṣọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ò kàn wá. Ṣé ẹ̀sìn kan náà lẹ jọ ń ṣe ni?"

Ó wu Hàlímàt. Ká sọ òótọ́, ó wù ú. Ó rí ojú àwọn ọmọ náà níwájú rẹ̀, tí wọ́n tún ń mira. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ nípa Roseline, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Bí o bá lè tì mí síwájú lónìí nítorí o fẹ́ràn mi, o lè tì mí sẹ́yìn lọ́la nítorí o bínú. Wọ̀n wá, Taofeek. Ẹni tó bá lò púpọ̀, kó san púpọ̀. Àmọ́ má tú àpò ẹnikẹ́ni wò."

"Alhaja, ayé ti kọjá rélùwéè."

"Kó kọjá. Ìtìjú ni ò yẹ kó bá a lọ."

Kò tíì sinmi ẹsẹ̀ nílé tí Ṣẹ́gunfúnmi, tí ó ti gbọ́ bí ó ṣe kọjú sí Taofeek, fi dé. Ọmọ olóṣèlú ni, ó máa ń fi gbohùngbohùn pariwo lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó kí a fẹnu lásán sọ.

"Mummy, inú wa dùn sí yín! A máa wó òpó yẹn. Ìjọba ni kó gbà á. Iye kan náà ni kí gbogbo ènìyàn máa san, ìbáà lò díẹ̀ ìbáà lò púpọ̀. Kí wọ́n sì dí ọ̀nà tẹ́tẹ́ pa!"

"Bí ìjì bá jà, ta ni yóò gun òpó? Ìwọ?"

"Ìjọba á rán ènìyàn."

"Kí ìjọba ṣòfin pé òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ parọ́, kí wọ́n sì mú ẹni tó bá rẹ́ni jẹ. Ìyẹn ni iṣẹ́ tiwọn. Bí o bá ní kí wọ́n dí ọ̀nà ẹni tí o kórìíra lónìí, ta ni wọn yóò dí tirẹ̀ lọ́la?"

"Ẹ̀yin náà ti dà bí àdán, Mummy. Ẹ ò ṣe eku, ẹ ò ṣe ẹyẹ."

"Àdán tó so rọ̀ yẹn, ọmọ mi, ó ń rí ìdí eku, ó ń rí ìdí ẹyẹ. Kò sì sí èyí tó mọ́ níbẹ̀."

Ṣẹ́gunfúnmi bínú jáde. Hàlímàt ń wò ó lójú fèrèsé: tààrà ló yà sí ìsọ̀ tẹ́tẹ́, ó lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Obìnrin náà tutọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ó kọ̀, Mùíz gbà á. Mùíz tí Hàlímàt fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní álífù, tí ó ń nu ikun nímú rẹ̀! Ó ṣí kéwú tirẹ̀ sójú ọ̀nà tó ń yá, àwọn ọmọ sì ń ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, títí ó fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé. Mùíz pe àwọn òbí kí wọ́n wá gbọ́ lórí fóònù bí ọmọ wọn ṣe ń ké kùránì. Ohun tí Taofeek kò rántí ni pé ó ti bá àwọn onítẹ́tẹ́ ṣàdéhùn pé láti oṣù náà lọ, ohunkóhun tó bá gba ojú ọ̀nà yẹn, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni yóò ṣíwájú rẹ̀. Bí Mùíz ti la ẹnu, ọmọge oníṣòkòtò péńpé kan fò jáde lórí fóònù gbogbo wọn, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà: "Ta á! Jẹ ẹ́!" Ọmọ ké ẹsẹ kan, ọmọge yọ. Ó ké èkejì, ó tún yọ. Mùíz kò rí i lójú tirẹ̀, ó ń ní, "Máṣáláàhù, ẹ tún kà á!" Bàbá kan n'Ílọrin ju fóònù mọ́ ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àdúgbò ti kún àgbàlá Taofeek, wọ́n ń fa wáyà já. Ṣẹ́gunfúnmi ti kó àwọn aláàáké dé. Taofeek sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaja.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n! Bí òpó yẹn bá wó, mo kú."

Ó rí Alhaja lára bí ọkùnrin náà ṣe nà gbalaja yẹn. Ó kàn lè ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí òpó bá wó, àwọn ọmọ tó kù pàápàá lọ nìyẹn. Ó jáde.

"Ẹ fi òpó sílẹ̀! Taofeek yóò jẹun níbẹ̀, torí òun ló rì í. Àmọ́ òṣùwọ̀n kan ni fún gbogbo wa, bí ẹrù bá ṣe tó ni owó ṣe máa tó. Ọsibítù nìkan ló lè ṣíwájú. Kò sì gbọdọ̀ ki ìpolówó bọ ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́."

"Tẹ́tẹ́ ńkọ́?" ni ẹnìkan bèèrè.

"Kó san owó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun ta á, kó kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé."

Wọ́n pòṣé. Ẹnìkan pè é ní ààfáà onítẹ́tẹ́. Síbẹ̀ wọ́n gbà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn òótọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ sùn láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Taofeek náà búra, ẹ̀rù ló sì mú un búra.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn Alásárì, tí Taofeek ti so wáyà padà, ojú àwọn ọmọ ń mira lórí fóònù. Àwọn kan ti kúrò lọ́dọ̀ Mùíz padà wá, àwọn òbí wọn ń kí Alhaja ní àkíjù, bí ẹni tí kò lọ rí. Àwọn ọmọ nìkan ni ó kí padà.

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ariwo ta ní ìsọ̀ tẹ́tẹ́: "Ó wọlé! Ó wọlé!" Hàlímàt sún imú kì, ó fa fèrèsé dé, ó pòṣé gígùn kan tí àwọn ọmọ Ékòó gbọ́ kedere.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀."