Ohùn Òkè Nínú Orin Àkànjí

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, ọdún 2002, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní ìlú Hague dájọ́ pé Kamẹrúùnù ló ni ilẹ̀ Bakassi, kì í ṣe Nàìjíríà. Ìdájọ́ náà wà ní àkọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú takisí tó ń kó èrò láti Makepe lọ sí ìgboro Douala ní Kamẹrúùnù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Les Biafrais, c'est fini pour vous!" ni awakọ̀ ń wí, pé ó ti tán fún wọn, àwọn èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Biafrais ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ Yorùbá tí kò mọ ọ̀nà Biafra rí. Aminullah náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Stéphane ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Makepe, àdúgbò tó ń gbé.

Douala ni wọ́n bí i sí, ọmọ oníṣòwò aṣọ láti Ìwó. Iléèwé Faransé ló lọ. Ó ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté ṣiṣẹ́, ó sì ń tẹ dùùrù ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lópin ọ̀sẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti inú ilé lọ: ẹ káàárọ̀, wá jẹun, gbé e wá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, díẹ̀ ló kù kí èyí náà tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan tó ṣì ń pè é ní Aminullah láìbìkítà ni Bàbá Àkànjí, afọnfèrè, tó ń gbé ní Bépanda. Fèrè onídẹ ni bàbá yìí fọn káàkiri àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àdúgbò Akwa nígbà tí àwọn atukọ̀ ojú omi ń kó àwo orin Cuba wọ̀lú. Wọ́n ní ó bá ọkọ̀ dé Havana; kò sẹ́ni tó rí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, òun náà sì máa ń yí ìtàn ọ̀hún padà. Ohun tó dájú ni pé ó ń fọn orin àwọn ará Cuba bí ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ níbẹ̀, àti pé òun ló kọ́ Aminullah, nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ sí i: mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì.

"Clave ni wọ́n ń pè é," ni bàbá máa ń wí. "Kónkóló tí a ń lu lára agogo nílé wa ni. Wọ́n kó o lọ, wọ́n sì yí i lórúkọ padà."

Nínú oṣù ìdájọ́ yẹn gan-an ni Aminullah bẹ̀rẹ̀ àwo orin tó ti ń rò láti ọjọ́ pípẹ́: jáàsì lọ́nà ti àwọn ará Cuba, láti fi yẹ́ Bàbá Àkànjí sí lójú ayé rẹ̀. Bàbá ti ń ṣàìsàn, àyà rẹ̀ kò gba fèrè mọ́. Aminullah fẹ́ kó gbọ́ ọ kó tó lọ. Orin tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀, ó gbé e ka orí ohùn fèrè kan tí gbogbo Akwa fi ń dá bàbá mọ̀ nígbà kan, èyí tó máa ń gòkè lójijì níparí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i: Àkànjí ò kú. Brigitte, ọmọ ẹ̀yà Bassa tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, ló kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ dùn gan-an.

Ohun tí ọmọ bá fẹ́ fi yẹ́ àgbà sí, àgbà náà ló yẹ kó kọ́kọ́ fetí kàn án. Ṣùgbọ́n kìkì ọmọ Nàìjíríà ló kún agbo ilé tí bàbá ń gbé, Aminullah kò sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sí Stéphane rí òun níbẹ̀ lásìkò yẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ kó bá bàbá lójijì ni. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́.

Àwo náà jáde ní oṣù kejì ọdún 2003. Kò pẹ́ tí àwọn Yorùbá inú ọjà fi gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Níbi tí fèrè ti gòkè, ọ̀rọ̀ bá a gòkè: "ò" di "ó". Àkànjí ó kú. Àwọn kan ní wọ́n ń kéde pé ó ti kú ni. Àwọn kan ní wọ́n ń sọ pé yóò kú. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, èèyàn ti ń wọ́ lọ sí Bépanda láti kí ẹbí kú àṣẹ̀yìndè.

Fàòsíyà, ọmọ bàbá náà, ló pe Aminullah lórí fóònù. Ó sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, pardon. O dárí jì mí."

"Ó kọ́kọ́ pa mí, ó tún ń pè mí ní 'o'," ni bàbá wí fún ọmọ rẹ̀. "Dìde, jàre. Àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ mi ti mu tíì ilé yìí tán. Mùhúdíìnì aláṣọ bá mi níbi tí mo ti ń jẹ búrẹ́dì. Ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo purọ́."

Fàòsíyà kò rẹ́rìn-ín. "Láti PK8 lẹ́yìn ìlú ni àwọn mìíràn ti wá, Bùrọ̀dá. Obìnrin kan ti ń sunkún kó tó wọlé."

Bàbá ní kí wọ́n fi sídì náà sí i. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó dijú, ìka rẹ̀ mẹ́ta ń tẹ orí itan bí ẹni tó di fèrè mú.

"Ọwọ́ rẹ mọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í tẹ̀lé orin, orin ló ń tẹ̀lé Yorùbá. Nígbà tí mò ń fọn ọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo lè gòkè bó ṣe wù mí. Ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ sí i. Jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mú ọmọbìnrin náà wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó rí."

"A ó wá, Bàbá. Ẹ ṣé."

Wọn kò wá. Ní ọjọ́ Ajé, Alphonse tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé sídì náà dání, ó ka orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Aminullah? Stéphane, alors tu es Biafrais?" Ó ń bi í bóyá ọmọ Nàìjíríà ni òun náà; àwàdà ló ń ṣe, wọ́n tiẹ̀ jọ jẹun lọ́sàn-án. Kò sí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yẹn pa iṣẹ́ rẹ̀ lára lọ́nà kankan. Síbẹ̀ Aminullah kò lọ sí Bépanda lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, kò lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Ó ní òun á tún orin náà ṣe tán ná, pé ìtìjú ni kí òun lọ lọ́wọ́ òfo. Ó dúró kí Brigitte ti Yaoundé dé. Ó dúró kí ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ṣófo. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n tún un kọ, nítorí etí tirẹ̀ kò dá a lójú, ẹni tó sì lè bi léèrè wà ní Bépanda.

Òjò oṣù keje ti gba gbogbo ọ̀nà kó tó rí i ṣe. Ohùn Brigitte sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ lórí "ò" náà. Àkànjí ò kú. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń parí rẹ̀, Fàòsíyà pe fóònù rẹ̀. Ó rí nọ́ńbà náà, ó rò pé wọ́n fẹ́ bèèrè orin ni, kò gbé e. Orin kò tíì tán.

Ní ọjọ́ kejì, ó wé sídì náà sínú ọ̀rá kí omi má bà á jẹ́, ó wọ takisí. Bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti sin bàbá lánàá, kí oòrùn tó wọ̀, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe.

Ó jókòó láàárín àwọn tó wà níbẹ̀. Ó mú sídì jáde, ó tún fi í pamọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: Brigitte, Yaoundé, òjò. Faransé ló fi ń sọ ọ́, nítorí Yorùbá rẹ̀ kò gbé e. Fàòsíyà jẹ́ kó parí. Kò pariwo.

"Bùrọ̀dá Aminullah," ó wí, "Makepe sí Bépanda, kí ló jìnnà níbẹ̀?"