Gíláàsì Tí Bàbá Mi Fi Ń Kí Èèyàn

Kí n má purọ́, yàrá onígíláàsì yẹn ló mú mi ra ilé wa ní Lilburn, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló wà, ó kọjú sí títì, gíláàsì ni ògiri rẹ̀ mẹ́ta, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀. Oṣù Kejìlá la kó wọlé. Oòrùn ń rọra ta síbẹ̀, mo jókòó, mo ní èmi náà ti dé ibi tí mo ń lọ. Ẹni tó ta ilé fún wa mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà òtútù ló tà á.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, yàrá náà ti di ààrò. Bí èèyàn bá gbé omi síbẹ̀ láàárọ̀, ó lè fi wẹ̀ lọ́sàn-án. Ǹ bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí n gbàgbé rẹ̀, àmọ́ bàbá mi ti dé láti Òṣogbo, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ló sì yàn láàyò. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò máa ń fa omi ara rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni mí, mo mọ ohun tí ooru lè fi irú ara bẹ́ẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ ní Decatur dé, mo bá a lórí àga níbẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, kò mọ ọjọ́ tí a wà. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi kì í ti í balẹ̀ tí mo bá ti jáde nílé.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jókòó sí parlour. AC wà níbẹ̀, TV wà níbẹ̀."

"Ta ni mo fẹ́ kí ní parlour?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bàbá àgbàlagbà kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, máa ń mú ajá rẹ̀ kọjá níwájú ilé wa. Kò ní àkókò kan pàtó. Bó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, á dúró, á juwọ́. Bàbá mi náà á juwọ́, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìrìn o," bí ẹni pé onítọ̀hún ń gbọ́. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Ní Òṣogbo, kí bàbá mi tó rìn dé ìkòríta, á ti kí ogún èèyàn. Ní Lilburn, ẹnì kan péré ló kù fún un, kò sì fẹ́ kí ó kọjá lẹ́yìn òun.

Ni mo bá gbógun ti ooru. Mo gbé fáànù méjì síbẹ̀, ooru náà ni wọ́n ń fẹ́ sí wa lójú. Mo ta aṣọ funfun sórí òrùlé, atẹ́gùn gbé e lọ sórí igi. Mo ra kọ́tìnì, bàbá mi ti ká a sókè kí n tó wọ mọ́tò tán. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Níkẹyìn, ọkùnrin kan bá wa lẹ ọ̀rá dídán mọ́ gbogbo gíláàsì náà. Ó ní á máa dá oòrùn padà, àmọ́ ẹni tó wà nínú ilé á ṣì máa rí ìta kedere. Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ara tu yàrá náà. Bàbá mi jókòó pẹ̀lú fìlà lórí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ijó ayọ̀. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ kẹta, bàbá mi ò jẹun.

"Kí ló dé, sà?"

"Bàbá alájá yẹn ń bínú sí mi. Ó kọjá lánàá, ó kọjá lónìí. Mo juwọ́, ó wo ọ̀ọ́kán mi, ó gbójú kúrò."

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Lọ́jọ́ Sunday, ife tíì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi kí i."

Mo rẹ́rìn-ín. "Daddy, wọn ò ka left hand sí níbí o."

"Àgbà ni. Kò sí àgbà tí ò mọ ọwọ́ òsì. Lọ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo jáde sí títì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bóyá mo lè rí i. Kò sí níbẹ̀. Ni mo bá yíjú sí ilé. Igi ni mo rí nínú gíláàsì, àti ojú ọ̀run, àti èmi fúnra mi. Gbogbo yàrá náà ti di dígí ìwojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi ni mo sì lọ bo ojú bàbá mi.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Bí mo bá ha ọ̀rá náà kúrò, ooru á padà wá bá a. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á máa rò pé òun ṣẹ̀. Mo lè bẹ bàbá alájá kó máa juwọ́ sí gíláàsì tí kò rí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, àmọ́ irú ìkíni wo nìyẹn? Mo wọlé lọ pé kí n ṣàlàyé fún un.

Bàbá mi ti dìde dúró lẹ́bàá gíláàsì. Kò jẹ́ kí n lanu.

"Mo rí ẹ níta. Mo juwọ́ sí ẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì lò," ó ní. "Ìwọ náà ò dá mi lóhùn."