Irọ́ Tí Kíláàsì Kẹjọ Hun

Nígbà tí àṣẹ dé pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ lórí fóònù, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á nínú àwa olùkọ́ ilé ìwé ìjọba tó wà létí òkun ní Malabar, ní ilẹ̀ Íńdíà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Vilasini, tó ń kọ́ wọn ní èdè Malayalam, ló ní òun á ṣe é.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ ní tèmi, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí ní yàrá olùkọ́. Kì í pariwo, kì í na ọmọ. Á gbé àwòrán omíyalé kan wá sí kíláàsì, á ní, "Wọ́n ní Kerala wa níbí, tí igi àgbọn kún, ni wọ́n ti ya eléyìí. Ẹ bá mi wá igi àgbọn kan níbẹ̀." Àwọn ọmọ á wá a títí, wọn ò ní rí i, inú wọn á sì dùn bí ẹni tó mú olè.

Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ kí kíláàsì kẹjọ rí bó ṣe rọrùn tó láti hun irọ́. Ó ní kí wọ́n mú nǹkan tí gbogbo ilé ń jẹ. Wọ́n mú ìṣáwùrú òkun, èyí tí àwọn ọkùnrin wa máa ń mòòkùn lọ já lára àpáta. Wọ́n ní májèlé ti wọ inú rẹ̀, pé obìnrin kan ti kú. Vilasini fúnra rẹ̀ ló fi ìparí sí i: "Dókítà kan tó ní ká má dárúkọ òun ló sọ ọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n tó pa á rẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó nu pátákó, aago lù.

Anagha, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí orí wọn pé jù, délé, ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa bi òun ní ìbéèrè tí Tíṣà kọ́ wọn: ta ló sọ ọ́, níbo ló ti rí i? Obìnrin náà ò béèrè nǹkan kan. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹbí fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn tó wà ní Dubai, àwọn yẹn sì dá a padà sílé.

Ìyá ọkọ Vilasini ló kà á sí i létí nídìí ààrò. "Ìyàwó, má ra ìṣáwùrú lọ́wọ́ Kunhamina mọ́ o. Dókítà kan tó ní ká má dárúkọ òun..."

Vilasini gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. "Màmá, àwa la kọ ọ́ ní kíláàsì. Irọ́ ni."

"Ìwọ kẹ̀? Dubai ló ti wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ sí Dubai, Màmá."

"Tó bá jẹ́ irọ́, ṣé gbogbo wọn á máa sọ ọ́?" Ó gbé fóònù rẹ̀, ó bọ́ sí ìta.

Kunhamina ń ta ìṣáwùrú níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí níwájú ilé ìwé. Á fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti àgbọn kún inú rẹ̀, á sè é, á wá fi ata dín in. Moidu ọkọ rẹ̀ ló ń mòòkùn lọ já a. Nígbà tí Vilasini dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ti rọ̀, síbẹ̀ àwo ọjà kún dẹ́nu. Ó jẹ́wọ́ fún wọn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Tíṣà?" Kunhamina ń wò ó lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òmíràn nígbà náà, pé kò sí májèlé."

Vilasini mú ìṣáwùrú, ó jẹ ẹ́ lójú àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan ní, "Tíṣà, ẹ rọra o. Dókítà ti sọ̀rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó padà délé, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù: òun ni Vilasini, olùkọ́ ilé ìwé ìjọba; wọ́n ń sọ pé májèlé wà nínú ìṣáwùrú, pé obìnrin kan ti kú; irọ́ ni, òun mọ ibi tó ti wá. Ó fi ránṣẹ́ káàkiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti gé "wọ́n ń sọ pé" àti ìparí rẹ̀ dànù. A ò mọ ẹni náà títí dòní. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ohùn Vilasini tó ń dárúkọ ara rẹ̀, tó ní májèlé wà, tó ní obìnrin ti kú. Àwọn tó ti ń ṣiyèméjì wá gbà á gbọ́.

Àwọn obìnrin ń dá a dúró lójú ọ̀nà. "Ẹ ṣeun tí ẹ là wá lójú, Tíṣà."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé e ni."

"A mọ̀ pé wọ́n ti dẹ́rù bà yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gá ilé ìwé pè é. "Ẹ bá mi dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún sọ̀rọ̀, a ò mọ ibi tí wọ́n tún máa gé." Vilasini wá jókòó tì mí, ó ní, "Kí ni mo tún lè ṣe?" Mo bu tíì fún un, kò mu ún.

Anagha ò lè gbójú sókè ní kíláàsì mọ́. Vilasini lọ bá ìyá rẹ̀ nílé kó má bàa nà án. "Ohun tí mo kọ́ ọmọ yín ló ṣe," ló sọ fún un.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá bu ìṣáwùrú lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì lẹ̀wé mọ́ ògiri pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n ní kí ni ìjọba tún fẹ́ sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ra ìṣáwùrú mọ́, Moidu lọ ń ru òkúta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Nígbà tí òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, òun àti Kunhamina ti ilé wọn pa, wọ́n ní àwọn ń lọ sílùú ọmọbìnrin wọn. Vilasini bá wọn gbé ẹrù dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Èmi náà wà níbẹ̀.

"Wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀," Kunhamina ní. "Màá rí tà."

"Wọ́n ní fóònù níbẹ̀ náà," Moidu dá a lóhùn.

Kunhamina wo Vilasini bíi pé ó fẹ́ kó bá òun dá ọkọ òun lóhùn. Bọ́ọ̀sì dé, Vilasini bá wọn gbé ìkòkò wọ inú rẹ̀, òjò sì pa á dé kíláàsì.