Tíṣà Adépọ̀jù àti Fóònù Tí Kò Mọ Èèyàn Kí

Gbogbo àdúgbò Ìsìkàn ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Tíṣà Adépọ̀jù fi ìbínú kúrò ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká torí pé fóònù ò kí i. Àwọn kan ti bù mọ́ ọn jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ọdún tí epo mọ́tò di ọ̀wọ́n gógó ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Bímbọ́lá, ọmọ àbúrò Tíṣà, wà lára àwọn tó ṣe áàpù tuntun kan sórí fóònù. Èèyàn á kọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sí i, áàpù á máa rán an létí, tó bá sì ṣe é tán, á fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ náà á pa rẹ́. Ọládélé, ọ̀gá wọn, ti là á mọ́lẹ̀ pé tí àwọn àgbàlagbà ò bá lè lò ó, òun á pa á tì, kí Bímbọ́lá wáṣẹ́ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, òun nìkan ló ń gbé ilé dúró.

Ló bá lọ mú Tíṣà wá kó bá wọn dán an wò. Ọmọ Oǹdó ni, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa ń fi báírò pupa tún ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kó kọ iṣẹ́ kan, ó kọ ọ́ pé, "Gbá iwájú ọ́fíìsì yìí." Wọ́n rò pé àwàdà ni. Tíṣà dìde, ó wá ìgbálẹ̀, ó gbá a mọ́ tónítóní. Ó padà wọlé pẹ̀lú òógùn, ó fọwọ́ kan fóònù, iṣẹ́ náà pa rẹ́. Ó dúró. Ó tún dúró díẹ̀ sí i.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, sà," Ọládélé dáhùn.

"Mo gbálẹ̀, mo làágùn, kò sì lè kí mi kú iṣẹ́?"

Ó dé fìlà rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìsìkàn. Ìgbálẹ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọládélé ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bímbọ́lá sunkún lọ bá Tíṣà nílé, ó kúnlẹ̀. Ẹnu ya Tíṣà. Ó ní ta ló sọ pé òun ti parí ìdánwò, ṣé ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ ni? Ó ní kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ ro oko kòkó òun ní Bọ́lọ́rundúró, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kó lọ. Fóònù ò gbà, ó ń dún ṣáá. Leah, aya rẹ̀, ti ń pe fóònù náà ní ìyàwó kejì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní Oǹdó, àlùfáà ní kí ìjọ gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ni fóònù bá figbe ta nínú báàgì Leah. Tíṣà yọ ọ́ jáde, ó fi ohùn hẹdimásítà bá a wí pé, "Mo ti gbọ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìyí. Jókòó." Gbogbo akọrin tó wà lórí ìdúró ló jókòó.

Nígbà tó dán an wò tán, ó kọ èsì ìdánwò fún áàpù náà bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ìgbọràn: kò dára. Ìkíni: òdo. Àpapọ̀: mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó lè ṣe dáadáa ju báyìí lọ tó bá fara balẹ̀. Ọládélé rẹ́rìn-ín títí. Ló bá rántí pé ìyá òun náà ti pa áàpù yìí tì, ó kàn ní ó sú òun ni, kò sọ ìdí. Ọládélé ní kí wọ́n tún un ṣe.

Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ti ìkíni ló ṣòro. Wọ́n gba ohùn ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Tíṣà ní ó ń kíni bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Wọ́n gba ti ẹlòmíràn, ó ní ìyẹn ò jẹun kánú. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀ títí dòní. Iṣẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ Bímbọ́lá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Tíṣà sùn tí kò jí. A sin ín sí Oǹdó, a sì fi ọ̀rọ̀ akọrin yẹn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí àlejò ti túká, Bímbọ́lá bá Leah lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ ife kan ṣoṣo. Leah fọ̀ ọ́ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú fóònù, ó rọra tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "Fọ ife." Ó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá."

"Oò, Tíṣà," ni Leah dáhùn.

Ó wá mú ife náà, tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.